Ẹjọ́ Wa Ni, Ìwé Wa Ni: Ẹ Jẹ́ Ká Lọ Gbà Á



Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹ́jọ́ ní kóòtù rí, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ẹ̀yin tí kò tíì kàn, ẹ fetí sílẹ̀ kó tó kàn yín. Adájọ́ á dájọ́, ìdájọ́ ò ní tẹ́ wa lọ́rùn, lọ́yà á ní ká pẹ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ẹsẹ̀ wa tó kan kóòtù òkè, wọ́n á bi wá pé: "Rẹ́kọ́ọ̀dù dà?" Ibẹ̀ ni ìyà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Rẹ́kọ́ọ̀dù ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kóòtù láti ọjọ́ kìíní: ohun tí ẹlẹ́rìí wí, ìbéèrè tí lọ́yà bi í, ìwé tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rí, àṣẹ tí adájọ́ pa. Ní ọ̀pọ̀ kóòtù wa títí dòní, adájọ́ fúnra rẹ̀ ló ń fọwọ́ kọ ọ́. Ẹlẹ́rìí á sọ gbólóhùn kan, á dákẹ́, kí bírò adájọ́ lè bá a. Tí ẹjọ́ bá parí, taípíìsì á wá tẹ gbogbo rẹ̀, wọn á fọwọ́ sí i, wọn á lu òǹtẹ̀ sí i, wọn á ṣe ẹ̀dà púpọ̀, wọn á dì í. Ẹjọ́ ilẹ̀ tó ti gba ọdún mélòó kan, ojú ìwé rẹ̀ kì í kéré. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, owó ni.

Ta ló ń san án? Àwa ni. Opó tí àwọn àna lé kúrò nílé ló ń san án. Ayálégbé tí lanlọ́ọ̀dù kó ẹrù rẹ̀ síta ló ń san án. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n ló ń san án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó di kó ta fìrísà tó fi ń ta omi tútù. Ẹni tí kò bá sì rí i san, ẹjọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀. Adájọ́ òkè kò lè gbọ́ ẹjọ́ tí kò sí níwájú rẹ̀.

Àwọn baba wa ní àgbà òṣìkà ní í gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá. Kí la ó wá pe ètò tí kò jẹ́ kí ẹjọ́ ẹnìkan dé etí adájọ́ rárá, torí owó táípù?

Ẹjọ́ wa ni! Ìwé wa ni!

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ojúrere là ń tọrọ. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ló sọ ọ́ ní abala 36, pé kóòtù gbọ́dọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ọ̀daràn, kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sì lè gba ẹ̀dà ìdájọ́ láàárín ọjọ́ 7 tí ẹjọ́ bá parí. Abala 294 ní kí kóòtù dájọ́ láàárín ọjọ́ 90 lẹ́yìn àsọkẹ́yìn àwọn lọ́yà, kí wọ́n sì fún tọ̀tún-tòsì ní ẹ̀dà tó pójú òṣùwọ̀n láàárín ọjọ́ 7. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní abala 104, ní kí òṣìṣẹ́ tí ìwé ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i ní ẹ̀dà olóǹtẹ̀, tó bá ti san owó tí òfin là sílẹ̀.

Owó tí òfin là sílẹ̀! Kì í ṣe owó bébà. Kì í ṣe owó epo jẹnẹrétọ̀. Kì í ṣe "ẹ mọ́bíláìsì wa," ìyẹn ẹ fún wa lówó ẹ̀yìn ká tó ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbọ́ "ẹ mọ́bíláìsì wa" rí, ẹ kú oríire.

Ọjọ́ sì ń lọ. Ẹjọ́ ọ̀daràn, ọjọ́ 90 lòfin fún wa láti kọ̀wé pé a fẹ́ lọ sí Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn. Ẹjọ́ owó, ilé tàbí ilẹ̀ tó ti parí, oṣù 3. Tó bá jẹ́ àṣẹ tí adájọ́ pa nígbà tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣì ń lọ, ọjọ́ 14 péré. Lẹ́yìn ìyẹn, rẹ́jísítírà ní ọjọ́ 60 láti kó rẹ́kọ́ọ̀dù jọ kó sì fi ránṣẹ́. Bí kò bá ṣe é ńkọ́? Ẹrù bọ́ sórí ẹni tó pẹjọ́, kó fi ọjọ́ 30 kó o jọ fúnra rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ní taípíìsì, tó ní òǹtẹ̀, kò ṣe é. Aráàlú tí kò ní nǹkan kan ni kó wá ṣe é. Irú kí lèyí?

Ó ṣeé tún ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin méjì, Griffin àti Crenshaw, tí wọ́n dá lẹ́bi ìdigunjalè ní Illinois, ní àwọn kò lówó ìwé ẹjọ́ táwọn máa fi pẹjọ́. Ní 1956, kóòtù tó ga jù lọ lọ́hùn-ún dájọ́ pé ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ òtòṣì nítorí owó ìwé. Ẹlẹ́wọ̀n méjì ló ṣe é o, kì í ṣe sẹ́nétọ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn obìnrin tí wọ́n fipá bá lò àtàwọn tó tì wọ́n lẹ́yìn pariwo títí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ ní 2024 láti fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí adájọ́ sọ nígbà ìdájọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. Ariwo ló ṣe é.

Àwa ńkọ́?

Ẹni tó ní ẹjọ́ lọ́wọ́, lọ́jọ́ ìdájọ́ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ kọ ọ́ sí rẹ́jísítírà kóòtù yẹn. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́, ọjọ́ tí wọ́n dájọ́, kẹ́ ẹ sì dárúkọ abala 294. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ. Kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sórí èkejì, kẹ́ ẹ gbé e padà sílé. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, wọ́n á láwọn ò rí i.

Wọ́n dárúkọ owó? Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín nínú ìwé òfin kóòtù. Ẹ san án sí àkáǹtì ìjọba, ẹ má san án sí àpò ẹnikẹ́ni. Ẹ gba rìsíìtì. Kò sí rìsíìtì? Kò sí owó!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú taípíìsì. Àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù fúnra wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ ní 2021, ó lé ní oṣù méjì, kí owó kóòtù lè máa dé ọwọ́ kóòtù tààrà. Ẹni tí kò rí bébà fi ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá wa. Ẹ bá a ké.

Ẹni tí kò lówó rárá, ẹ mú un lọ sí Legal Aid Council. Nítorí aláìní ni ìjọba àpapọ̀ ṣe dá a sílẹ̀. Ní Èkó, OPD (Office of the Public Defender) tún wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dá lọ. Ẹ̀yin lọ́yà, ẹjọ́ òtòṣì kan lọ́dún, ẹ gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, tòun ti owó rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin ìjọ àti mọ́ṣáláṣí: ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà kan, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ buwọ́ lù ú. Kó lọ sọ́dọ̀ Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ yín. Abala 274 ìwé òfin Nàìjíríà fún un láṣẹ láti ṣe ìlànà kóòtù gíga, nítorí náà kó má ṣe ní ó dọwọ́ Àbújá. Kí ẹ̀dà kejì lọ sọ́dọ̀ aṣòfin tó ń ṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n lẹ iye owó mọ́ ògiri kóòtù lédè Yorùbá. Kí ẹlẹ́wọ̀n àti ẹni tí Legal Aid ń ṣojú fún gba rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ̀rọ máa gba ohùn sílẹ̀ ní kóòtù, kí ọwọ́ adájọ́ sinmi. Kí ẹni tó bá fẹ́ ìwé rẹ̀ lórí fóònù rí i gbà, ká yé sanwó dídì.

Ẹjọ́ wa ni! Ìwé wa ni!

Bí ọ́fíìsì rẹ́jísítírà bá ṣí lọ́jọ́ Ajé, kó bá wa lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mú lẹ́tà dání, ẹ̀dà méjì. Ẹ pe ẹnìkan sí i tí ẹjọ́ rẹ̀ ti dúró, kẹ́ ẹ jọ lọ.