Ẹ Má Fi Pùròpẹ́là Àtijọ́ Sí Ẹ́ńjìnnì Tuntun

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwa tí a ń jẹun lórí ọ̀sà Èkó sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí. Iṣẹ́ títún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ni mò ń ṣe, ohun tí ojú mi ń rí ni mo fẹ́ sọ.

Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, títí dé Bàdágìrì, nǹkan kan náà ni à ń ṣe. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ọlọ́kọ̀ á sáré wá owó, á ra òmíràn, bóyá tòkunbọ̀, bóyá tuntun. Kò níí tíì sinmi tí yóò fi tú pùròpẹ́là ara ti àtijọ́, abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí nínú omi yẹn, á sì dè é mọ́ tuntun. Á ní, “Ṣebí ó wọlé?” Ẹ gbọ́ ná, pé eyín inú ihò rẹ̀ bá ti irin ẹ́ńjìnnì mu kò sọ pé iṣẹ́ wọn bára mu. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Nọ́ńbà méjì ló wà lára púpọ̀ nínú pùròpẹ́là. Ti àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ rẹ̀. Èkejì ni wọ́n ń pè ní pitch, ìyẹn iye ínǹṣì tí ì bá fi sún ọkọ̀ síwájú bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ká ní omi kì í yọ̀. Bí pitch bá ṣe pọ̀ tó ni ẹrù tó ń gbé lé ẹ́ńjìnnì lórí ṣe ń wúwo tó.

Jíà ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ló ń da ọ̀rọ̀ yìí rú. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Bí ẹ́ńjìnnì bá yí ní ìgbà 5,500 ní ìṣẹ́jú kan, tí jíà rẹ̀ sì jẹ́ 2 sí 1, pùròpẹ́là á yí ní ìgbà 2,750. Bí jíà ẹ́ńjìnnì mìíràn bá jẹ́ 2.5 sí 1, 2,200 péré ni. Ṣé ẹ rí i? Pùròpẹ́là kan náà, ìyàtọ̀ 550 ní ìṣẹ́jú kan!

Bí pùròpẹ́là bá fúyẹ́ jù, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo, á yí kọjá ààlà, ọkọ̀ kò sì níí sáré tó. Bó bá wúwo jù, èyí burú jù, ẹ́ńjìnnì á máa gbin bí ẹni ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Á mu epo, á gbóná, písítìnnì á sì bà jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ta ni kò mọ iye tí a ń ra epo látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ ní 2023?

Ọ̀nà àtimọ̀ kò le. Ẹ kó ẹrù bí ìwọ̀n èrò tí ọkọ̀ yín gbọ́dọ̀ gbé sínú rẹ̀, àpò iyanrìn ni o, kì í ṣe ènìyàn. Ẹ lọ síbi tí omi ti dákẹ́, ẹ fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo iná, kí ẹ wo aago tó ń ka yíyí rẹ̀. Ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá ló máa sọ ibi tó yẹ kó dé. 5,000 sí 6,000 ni ti ọ̀pọ̀. Bí kò bá dé ibẹ̀, ẹ dín pitch kù. Bó bá kọjá, ẹ fi kún un. Ínǹṣì kan máa ń yí i padà tó 150 sí 200. Ẹ́ńjìnnì tí 400 kù fún, bí ínǹṣì méjì ni oògùn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọkọ̀ òfìfo dán an wò, nítorí irọ́ ni aago máa pa fún un.

Àwọn kan á ní, “Owó dà?” Owó pùròpẹ́là kò tó nǹkan lára owó ẹ́ńjìnnì. Àbí ta ni í ra aṣọ olówó iyebíye tí í fi abẹ́rẹ́ dípẹtà rán an? Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì tún ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú láàárín ọ̀sà, tí afẹ́fẹ́ ń jà, kò sí ẹ̀gbẹ́ títì téèyàn lè yà sí. Ìyá ọlọ́jà tó wọkọ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ jíà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹ́ńjìnnì, ẹ máa sọ jíà àti pitch tó bá a mu fún oníbàárà kí ẹ tó gba owó. Mo sì ń rọ àjọ LASWA ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti NIWA ti ìjọba àpapọ̀: ọkọ̀ èrò tó bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹrù dán an wò lójú yín kó tó gbé ènìyàn. Ẹ̀wù tó ń gbé èèyàn léfòó dára, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò kú sójú omi dára jù ú lọ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká ríjà omi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Mẹkáníìkì Ọkọ̀ Ojú Omi,
Ìkòròdú.