Iṣẹ́ onílù kì í ṣe gààrí tí à ń tọ́ wò lọ́jà

Ẹ̀yin ará wa ní Alafiarou, ní Tchaourou, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní òdìkejì bodè, ọ̀rọ̀ yìí lè korò, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́.

Tí òbí bá fẹ́ kí ọmọ kọ́ ìlù dùndún, á ní: "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ká wò ó ná." Kò burú. Ó yẹ kí onílù wo ọmọ, kí ọmọ náà wo onílù. Èyí tó burú ni ìwà tí a ń hù lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn. Ẹlòmíì á fi wákàtí kan pẹ́ dé. Á yọ fóònù láìtọrọ àyè, á gbé fídíò sórí Facebook kílẹ̀ tó ṣú. Kò ní fi nǹkan kan sílẹ̀, kò sì ní padà wá mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti dé ọ̀dọ̀ onílù mìíràn: "Ẹ jẹ́ ká wò ó ná." Bí àwọn kan ṣe ń bu gààrí tọ́ wò láti igbá dé igbá nìyẹn, tí wọ́n á yó láìrà.

Wọ́n á ní: "Ìlù ìbílẹ̀ wa ni, kí la fẹ́ sanwó rẹ̀ fún?" Olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ yín ní Faransé nílé lálẹ́ ńkọ́, ṣé ọ̀fẹ́ ló ń ṣe é? Àbí iṣẹ́ tí èèyàn jogún kì í ṣe iṣẹ́ ni? Akin Euba kàwé orin dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Síbẹ̀, ìwé ńlá tó kọ lórí dùndún, tó jáde ní 1990, ọ̀dọ̀ àwọn onílù ló ti lọ wá ìmọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ka onílù sí olùkọ́, ta ni àwa?

Ohun tó yẹ kò pọ̀. Ẹ tètè dé. Kí ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí ọmọbìnrin kúnlẹ̀. Ẹ béèrè owó ọjọ́ náà kí ọmọ tó fọwọ́ kan ìlù. Bí bàbá bá ní òun kò gba nǹkan, ẹ fún wọn lówó zẹ́míjàn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ sáré gbé ìyáàlù. Ìlù kéékèèké ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fídíò. Pabanbarì rẹ̀, ẹ máa fi Yorùbá bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé: ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ni dùndún fi ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí ìlù ń wí? Bí ẹ kò bá sì ní padà, ẹ lọ sọ fún wọn, kí ẹ dúpẹ́. Ká kàn pòórá kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí.

Ẹ̀yin onílù náà, ẹ dárúkọ owó yín ní gbangba, ẹ má sì gba owó oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọ tí ẹ kò tíì mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí.

Tí ọ̀rọ̀ wa bá sú àwọn àgbà onílù, wọn á gbé ìlù kọ́. Lọ́jọ́ tí a bá ń ṣìnkú òbí wa, tí kò sí ẹni tó lè fi ìlù ki oríkì ilé wa mọ́, ṣé fídíò inú fóònù la máa tẹ̀ ni? Ẹ sanwó ọjọ́ kìíní. Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí àwọn òbí yòókù.