Baba Ṣeé Bẹ̀, Iná Kò Gbẹ̀bẹ̀



Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kan gbogbo wa tí a ní òbí lóko. Àgbà á ní òun ti ń finá sun igbó kí wọ́n tó bí wa, ta ni yóò wá kọ́ òun? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ pọ̀ lóko nígbà náà. Nísinsìnyí, ọmọ ti wọ̀lú tán. Bí ọyẹ́ bá gbé iná, ta ni yóò pa á? Ẹ rántí ọ̀dá ọdún 1983, bí iná ṣe jó oko kòkó nílẹ̀ wa àti ní Gánà. Kòkó tí a bá tún gbìn, ó di bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Ṣé arúgbó lè dúró dè é?

Síbẹ̀, èmi kò fara mọ́ jíjágbe mọ́ bàbá ẹni. Bí a bá ní kó má dáná mọ́, létí tirẹ̀, oko la fẹ́ gbà. Ẹ bá a ṣiṣẹ́ ni. Kí oṣù Kọkànlá tó parí, ẹ ro ààlà oko yíká, ẹ gbá ewé gbígbẹ kúrò. Bó bá ṣì fẹ́ sun pàǹtí, kó jẹ́ ní kùtùkùtù, kí afẹ́fẹ́ tó dìde, kí omi wà nítòsí. Ẹ má kúrò títí iná yóò fi kú pátápátá.

Ẹni tí kò ráyè, kó wí fún ẹgbẹ́, ká fi ọ̀wẹ̀ ṣe é. Orí kòkó yẹn ni owó tí a yá dúró lé. Ẹ̀yin oníṣòwò náà, bí oko bá jó, ta ni yóò ra ọjà yín?

Baba ṣeé bẹ̀. Iná kò gbẹ̀bẹ̀.