TA NI YÓÒ KỌ́KỌ́ RÍ OMI ÀTI INÁ LÒ?

Ẹ kú àìríná, ẹ kú àìrómi. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n inú garawa yín ló ń bọ̀.

Nígbà tí ọmọ yín bá fi owó ránṣẹ́ sí yín láti Èkó lórí fóònù, ilé kan wà níbì kan tí kọ̀ǹpútà kún inú rẹ̀ bámúbámú, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ilé dátà ni wọ́n ń pè é. Àwọn kọ̀ǹpútà náà kì í sinmi, wọ́n sì máa ń gbóná bí ààrò. Ilé mìíràn ń fi omi tù wọ́n, omi ọ̀hún á sì bá atẹ́gùn lọ. Ilé mìíràn ń lo ẹ̀rọ amúlétutù, ìyẹn tún ń jẹ iná kún iná. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wà ní Èkó, òmíràn sì ń bọ̀. Àwa kò ní kí wọ́n má wá o. Ó sàn kí àkọsílẹ̀ owó wa wà nílé ju kó wà lókè òkun lọ. Ohun tí a ń bi ìjọba tó wà lórí àlééfà ni pé: omi ta ni wọn yóò mu? Iná ta ni wọn yóò lò?

Ìlú kékeré kan wà ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Oregon, The Dalles lorúkọ rẹ̀. Google kọ́ irú ilé yìí síbẹ̀. Ìwé ìròyìn kan béèrè pé, ẹ jọ̀ọ́, omi tó pọ̀ tó mélòó ni wọ́n ń lò? Àwọn aláṣẹ ìlú ní àṣírí òwò ni. Wọ́n tilẹ̀ gba ilé ẹjọ́ lọ kí ọ̀rọ̀ náà má bàa jáde! Ìgbà tí àṣírí tú ní ọdún 2022 ni aráàlú tó mọ̀ pé ní 2021, omi tí ilé Google nìkan mu lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin omi ìlú náà. Bí ẹ bá pọn garawa mẹ́rin, wọ́n ti gbé ju ọ̀kan lọ, ẹ ò sì gbọdọ̀ béèrè. Ti iná ńkọ́? Ní Áyálándì, ní ọdún 2023, ìdá 21 nínú 100 iná mànàmáná tí wọ́n lò ló lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀, ó ju èyí tí gbogbo ilé ìgbé inú àwọn ìlú wọn lò lọ. Áyálándì tí iná kì í lọ nìyẹn o!

Níbí, ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bí náírà 68 lọ sí náírà 225 lórí ẹyọ kan, wọ́n ní àwọn yẹn ni yóò máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́. Ẹ ti rí i pé ẹni tó lówó lọ́wọ́ ni iná ń tọ̀ lọ. Bí ilé dátà bá wá dúró síwájú ìlà, wákàtí mélòó ló kù fún télọ̀, fún ẹni tó ń lọ ata, fún ìyá tó ń ta ẹja inú fíríìsà?

Wọ́n á ní Àbújá ló ni iná. Ẹ má gbà fún wọn. Láti ọdún 2023, tí wọ́n ti tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe, tí òfin iná mànàmáná tuntun sì jáde, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lágbára láti ṣe òfin iná tirẹ̀, kó sì fún ilé iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ. Omi ẹ̀rọ ti wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tipẹ́. Wọn ò ríbi sá sí.

Àdéhùn tí ẹgbẹ́ wa ń bá yín ṣe kò lọ́jú pọ̀. Ilé dátà tó bá fẹ́ wá, kó sọ iye omi àti iná tí yóò lò ní gbangba kí gómìnà tó fọwọ́ síwèé, kí a sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọọdún. Kó mú iná tirẹ̀ wá. Bí omi bá fà lọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rọ omi aráàlú ni kó kọ́kọ́ yọ. Wọ́n á tún ní iṣẹ́ yóò pọ̀. Lóòótọ́ ni, nígbà tí wọ́n bá ń kọ́lé. Bí wọ́n bá kọ́ ọ tán, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ.

Wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín pẹ̀lú àpò ìrẹsì. Kí ẹ tó dá wọn lóhùn, ẹ ní kí wọ́n mú ìwé àdéhùn yòówù tí wọ́n bá àwọn oníléeṣẹ́ ṣe wá, kí ẹnìkan tó mọ̀wé nínú yín kà á sókè láàárín ọjà: ìlà wo ló sọ iye omi?