Alùpùpù oko kọ́ ni ti òpópónà márosẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ẹṣin bá dáni, à ń tún un gùn ni. Òwe yìí bá ẹṣin mu dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí alùpùpù bá dá sáàárín tírélà méjì lójú òpópónà márosẹ̀, kì í sábà rí àyè tún un gùn. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ irú alùpùpù tí ẹni tó ń rin ọ̀nà jíjìn lójoojúmọ́ máa rà kọjá pé eléyìí wọ́n, tọ̀hún pọ̀.

Láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, tí lítà epo tí kò tó náírà 200 sì di ohun tó sún mọ́ náírà 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ ti di ẹrù tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò lè gbé mọ́. Olùkọ́ tí wọ́n gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó jìnnà sílé, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú kejì, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, gbogbo wọn ló ń ṣírò owó oṣù mọ́ owó bọ́ọ̀sì. Ibi tí ìṣirò náà sì máa ń já sí fún púpọ̀ nínú wọn ni alùpùpù.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òṣìṣẹ́ náà nìkan ló ń rà á. Bàbá tó ta kòkó tàbí ẹ̀gẹ́ ló ń kówó lé ọmọ lọ́wọ́, tàbí kó jẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló yá a lówó. Àwọn tó ń sanwó yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Irú alùpùpù tí ojú wọn mọ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń ru àpò ẹ̀gẹ́ lọ́nà oko, òun náà ni wọ́n sì máa ń rà fún ọmọ tó fẹ́ máa gun márosẹ̀.

Ọ̀nà méjèèjì yìí kò jọra rárá. Ẹni tó ń gbé ní Ọ̀yọ́ tó sì ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn ń rin nǹkan bíi kìlómítà 50 ní àlọ, ó sì ń rin 50 mìíràn ní àbọ̀. Kìlómítà 100 nìyẹn lójúmọ́, 500 láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Bó bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 48 lọ́dún, ó di 24,000. Nǹkan bíi kìlómítà 40,000 sì ni àyíká gbogbo ayé. Kí ọdún méjì tó pé, òṣìṣẹ́ yìí ti fi alùpùpù rẹ̀ yí ayé po. Èyí tí wọ́n ń gùn lọ oko kìlómítà mẹ́ta, tó ń sinmi lábẹ́ igi kòkó títí di ìrọ̀lẹ́, kò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra alùpùpù béèrè ni òfin ọ̀nà tó fẹ́ máa gbà. Òfin ìrìnnà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2012 lé alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó 200cc kúrò lójú àwọn òpópónà ńlá. Lọ́jọ́ kìíní, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, ìjọba náà tún gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Ní Àbújá, láti ọdún 2006 ni wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá máa gbé e dé irú ibi bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó wà nítòsí rẹ̀, kó béèrè ohun tí òfin gbà àti ohun tí kò gbà. Kò sọ́gbọ́n nínú kí bàbá ta kòkó ọdún kan ra ohun tí àwọn agbófinró máa gbà lọ́wọ́ ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn òfin ni ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó ń ta alùpùpù á sọ pé 100cc ti tó, òun ni àwọn ọlọ́kadà ń lò, kì í sì í mu epo. Òótọ́ ni fún àárín ìlú. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá gbé ẹlòmíràn tàbí ẹrù sẹ́yìn, tó sì fẹ́ máa bá ìrìn àwọn ọkọ̀ lọ lójú márosẹ̀, gbogbo agbára tí ẹ́ńjìnnì kékeré ní ló máa lò tán. Kò ní ku nǹkan kan nínú rẹ̀ tí ẹni náà lè fi yára kúrò níwájú tírélà tàbí fi gun òkè. Ẹ́ńjìnnì tó ń ké fún wákàtí kan láàárọ̀ àti wákàtí kan nírọ̀lẹ́ kì í sì í pẹ́ gbó.

Ní ti epo, ìyàtọ̀ tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù kò tó bí wọ́n ṣe rò. Bí alùpùpù 100cc bá ń fi lítà kan rin kìlómítà 50, tí 150cc sì ń fi lítà kan rin 40, lítà méjì ni ti àkọ́kọ́ fún kìlómítà 100, lítà méjì àbọ̀ sì ni ti ìkejì. Ìdajì lítà lójúmọ́ ni gbogbo àríyànjiyàn náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìdajì lítà pààrọ̀ agbára láti sá fún ewu kò tíì ṣírò dé ìdí.

Àṣìṣe kejì wà lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n á fẹ́ ra alùpùpù ńlá tòkunbọ̀ tí ariwo rẹ̀ ń dún bíi ti ọkọ̀ òfuurufú. Irú rẹ̀ wúwo, ó ń mu epo, kò sì sí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tú ní ìlú kékeré. Bí páàtì kan bá bàjẹ́, ó lè di oṣù méjì kí wọ́n tó rí òmíràn, owó bọ́ọ̀sì á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ibi tí òfin bá ti gbà á, àárín méjì ló dára jù, ìyẹn 125cc sí 150cc. Níbi tí òfin bá ti ní ó di 200cc, kí èèyàn ra 200cc tí páàtì rẹ̀ wà lọ́jà, tàbí kó wá ọ̀nà mìíràn dé ibi iṣẹ́.

Àwọn àgbà tó gun alùpùpù láyé àtijọ́ á rántí àwọn tí ọ́ìlì wọn ń jó pọ̀ mọ́ epo, bíi Suzuki AX100. Wọ́n lágbára, wọ́n sì yára. Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì bá dín, ẹ́ńjìnnì á gan lójijì. Bí wọ́n bá sì ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, ẹ́ńjìnnì kì í fi bẹ́ẹ̀ bá bíréèkì dá wọn dúró. Èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ dá wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ló yẹ ìrìn àjò ojoojúmọ́. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ló sọ Honda Super Cub di ìlúmọ̀ọ́ká. Ọdún 1958 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Jàpáàn, nígbà tó sì fi di ọdún 2017, wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 100 lọ. Kì í ṣe eré sísá ló jẹ́ kí ayé rà á, bí kò ṣe pé kì í já èèyàn sílẹ̀ lọ́nà, ó sì rọrùn láti tún ṣe. Lónìí, àwọn alùpùpù Bajaj àti TVS láti Íńdíà ló wọ́pọ̀ lójú títì, àwọn méjèèjì ló sì ń ṣe èyí tó kéré àti èyí tó tó 150cc.

Orúkọ tí wọ́n kọ sára alùpùpù kọ́ ló pọn dandan jù, páàtì ni. Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, kó kọ́kọ́ lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta páàtì ní ìlú rẹ̀, kó béèrè ṣéènì, táyà, bíréèkì, okùn kílọ́ọ̀ṣì, púlọ́ọ̀gì àti gílóòbù iná iwájú. Bí mẹ́rin nínú mẹ́fà kò bá sí níbẹ̀, kó fi alùpùpù náà sílẹ̀ fún ẹni tó ń ta á. Kó tún béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì méjì, kì í ṣe ọ̀kan, bóyá wọ́n ti tú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ ìtura ara náà wà níbẹ̀. Àwọn kan rò pé fàájì ni, pé ọmọkùnrin tó lágbára lè jókòó lórí ohunkóhun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro, tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú nítorí pé alùpùpù ń gbọ̀n, kò ní tètè fa bíréèkì nígbà tí màlúù bá já sójú ọ̀nà. Ó yẹ kí ìjókòó fẹ̀, kó sì nípọn. Ó yẹ kí ọwọ́ alùpùpù ga tó láti jẹ́ kí ẹ̀yìn nà ró, kí ẹsẹ̀ má ká jù. Bí ẹni náà bá sì dúró, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kó yá irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, kó gùn ún fún odindi wákàtí kan kó tó rà á. Ìṣẹ́jú márùn-ún níwájú ìsọ̀ kò lè fi ohun tí ẹ̀yìn máa jẹ hàn.

Ní ti táyà, nọ́ńbà mẹ́rin kan máa ń wà lára rẹ̀ tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 nìyẹn. Táyà tó ti dàgbà lè máa dán, àmọ́ rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ. Táyà tí kò ní túúbù sì sàn fún márosẹ̀, torí bí ìṣó bá gún un, díẹ̀díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń jáde, nígbà tí túúbù lè jò tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ́ìlì ńkọ́? Bí ìwé tó bá alùpùpù wá bá ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn kìlómítà 2,000, oṣooṣù nìyẹn fún ẹni tó ń rin 500 lọ́sẹ̀. Kì í ṣe ìgbà tó bá rántí.

Àwọn kan á sọ pé gbogbo àlàyé yìí kò wúlò, pé kò yẹ kí alùpùpù dé ojú márosẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ti ọ̀tá. Wọ́n ti rí òkú lójú títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá rí bọ́ọ̀sì tó dára, tí owó rẹ̀ sì ká a, kó wọ bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá lè rí ilé háyà nítòsí ibi iṣẹ́, kó kó lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí owó bọ́ọ̀sì ń jẹ ìdajì owó oṣù rẹ̀ kò ní jókòó sílé nítorí ìmọ̀ràn. Yóò gun alùpùpù. Ohun tó kù ni bóyá èyí tó lè dá dúró nígbà tó bá fa bíréèkì ló máa gùn, àbí èyí tí wọ́n rà nítorí pé ó pọ̀.

Àṣíborí kò ṣeé yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e lọ́dún 2009, àwọn kan de igbá àti ike ọ̀dà mọ́rí, gbogbo ayé sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìwádìí tí àjọ ìlera àgbáyé máa ń tọ́ka sí fi hàn pé àṣíborí gidi tí wọ́n dè dáadáa ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ewu kí orí fara pa kù ní ìdá 69. Igbá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yí ọwọ́ padà. Dípò kí wọ́n máa yá òṣìṣẹ́ ní owó alùpùpù tó kéré jù lọ́jà, kí wọ́n ka àṣíborí méjì, aṣọ òjò àti owó àtúnṣe oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ mọ́ owó tí wọ́n ń yáni, kí wọ́n sì fi oṣù díẹ̀ kún àkókò tí wọ́n fi ń san án padà. Gbèsè tó pẹ́ díẹ̀ sàn ju gbèsè tí kò sẹ́ni tó máa san án mọ́ lọ. Ó sì yẹ kí àwọn òbí lábúlé béèrè bí ọ̀nà iṣẹ́ ọmọ ṣe jìn tó kí wọ́n tó béèrè iye tí alùpùpù jẹ́. Nítorí pé ọmọ wọn ti ríṣẹ́ ni wọ́n ṣe ta kòkó. Ohun tó yẹ kí owó náà rà ni èyí tí yóò máa gbé e lọ, tí yóò sì máa gbé e padà wálé láìfarapa.