Ìwé Ìròyìn Tó Lé Ayàwòrán Rẹ̀, Ahọ́n Ara Rẹ̀ Ló Gé

Ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó ń darí ìwé ìròyìn nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣe é gbé mì. Ó ní bí bébà ti wọ́n tó lónìí, àwòrán ẹ̀fẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ kúrò nínú ìwé ìròyìn, nítorí pé eré ọmọdé ni. Ó tún fi kún un pé bí òǹkàwé bá ṣì ń fẹ́ ẹ, kọ̀ǹpútà á yà á lọ́fẹ̀ẹ́ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ àbùkù gbáà ni. N kò ní fi ìdájọ́ tèmi pa mọ́ di ìparí: ìwé ìròyìn tó bá lé ayàwòrán rẹ̀ kò jèrè kankan, ahọ́n ara rẹ̀ ló gé. Iṣẹ́ ìròyìn ni ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọ ìròyìn ojú ewé àkọ́kọ́ ti ń ṣe é. Ẹni tó bá pè é ní eré kò mọ iṣẹ́ tó ń darí.

Kí ọ̀gá yìí tó ya ẹnu, ó yẹ kó ti bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí Akínọlá Láṣekan ń ṣe nínú West African Pilot. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ọdún 1916 ni wọ́n bí i. Ìwé ìròyìn tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1937 ló ń yàwòrán sí láàárín àwọn ọdún 1940, “Lash” ló sì ń fi sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni Pilot fi ń sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ará ìlú kò sì lè ka Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀wé rárá lè wo àwòrán, kó sì mọ ẹni tó ń rẹ́ni jẹ àti ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà ní 1945, ìjọba òyìnbó fòfin de Pilot fún ìgbà díẹ̀. Ìjọba kì í fòfin de ìwé tí kò ta á lára. Kálàmù Láṣekan wà lára ohun ìjà tí ìwé náà fi ń jagun òmìnira, kò sì sí ẹni tó pè é ní eré ọmọdé nígbà yẹn.

Eré ọmọdé, àbí? Ta wá ni ọmọdé tí eré náà ń dẹ́rù bà? Nígbà tí olóṣèlú William Tweed àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ń kó owó ìlú New York jẹ, ayàwòrán Thomas Nast ń fi wọ́n hàn nínú ìwé ìròyìn Harper's Weekly ní 1871 títí ojú gbogbo ìlú fi là. Tweed bọ́ sí ẹ̀wọ̀n, ó sá jáde, ó sá dé Spéènì, àwòrán Nast ni ìtàn sọ pé wọ́n fi dá a mọ̀ níbẹ̀ ní 1876. Ní Gúúsù Áfíríkà, Jonathan Shapiro, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Zapiro, ya olóṣèlú Jacob Zuma ní 2008 níbi tó ti fẹ́ fipá bá obìnrin tó dúró fún ìdájọ́ òdodo lò, tí àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ sì di obìnrin náà mú. Zuma pè é lẹ́jọ́, ó di ààrẹ, ẹjọ́ náà sì wà nílẹ̀ títí di 2012 kó tó yọwọ́. Ààrẹ orílẹ̀-èdè kì í pe eré ọmọdé lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa kò rí gbogbo èyí, àyè ìpolówó nìkan ló rí. Bébà wọ́n, ó ní. Síbẹ̀ odindi ojú ewé wà fún ìkíni ọjọ́ ìbí gómìnà, odindi ojú ewé wà fún ìdárò ìyá olówó, odindi ojú ewé tún wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Igun kékeré tí ayàwòrán jókòó sí ni àyè há fún. Yóò ní owó ni wọ́n fi ra àwọn ojú ewé wọ̀nyẹn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kò sí òǹkàwé kan tó ń fowó ra ìwé ìròyìn nítorí àtiwo fọ́tò gómìnà tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá kó ohun tí òǹkàwé ń wá dànù, tó fi ohun tí òǹkàwé ń ṣí kọjá sílẹ̀, tó tún ń ké pé ọjà kò yá mọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi lé oníbàárà lọ.

Àbùkù yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn kan tó ń pe ara wọn ní ọ̀mọ̀ràn iṣẹ́ ọnà ti ń fojú tín-ín-rín wo ẹni tó ń yàwòrán sínú ìwé ìròyìn. Bí wọ́n bá dárúkọ Láṣekan, àwọn àwòrán ọlọ́dà rẹ̀ ni wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀. Èyí tó fi bá òyìnbó jà, wọ́n á sáré kọjá lórí rẹ̀. Délé Jẹ́gẹ́dẹ́ ti dá wọn lóhùn tipẹ́. Òun tó ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ Kole the Menace ló tún gboyè ọ̀mọ̀wé, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn iṣẹ́ ọnà ní Amẹ́ríkà. Josy Ajíbóyè nínú ìwé ìròyìn Daily Times, Bísí Ògúnbádéjọ nínú The Guardian ti Èkó, àwọn wọ̀nyí mú kí òǹkàwé máa wá ojú ewé wọn láwọn ọdún tí sọ́jà ń ṣèjọba, tí ọ̀rọ̀ sísọ ń fa ẹ̀wọ̀n. Tejúmọ́lá Ọláníyan, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Wisconsin tó kú ní 2019, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí àwòrán òṣèlú ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun tí àwọn ọmọ wa fi di ọ̀jọ̀gbọ́n lókè òkun ni ẹnì kan jókòó nílé tó ń pè ní eré.

Àwọn kan yóò sọ pé àwòrán ẹ̀fẹ̀ a máa dá wàhálà sílẹ̀, pé ó lè tàbùkù ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, kò sì sí iṣẹ́ ìròyìn kankan tí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí olóòtú fi wà. Ẹ wo ohun tí New York Times ṣe ní 2019. Ẹ̀dà ìwé náà tó ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè tẹ àwòrán kan nípa Netanyahu ti Ísírẹ́lì àti Trump ti Amẹ́ríkà jáde ní oṣù kẹrin, àwọn ènìyàn sì pariwo, wọ́n ní ìkórìíra àwọn Júù wà nínú rẹ̀. Ayàwòrán ará Pọtogí kan, António Antunes, ló yà á. Olóòtú ilé-iṣẹ́ náà ló ṣà á. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Times kò gé ìka tó ṣẹ̀. Láti oṣù keje ọdún náà ni wọ́n ti fòpin sí àwòrán òṣèlú ojoojúmọ́ nínú ẹ̀dà yẹn, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán Patrick Chappatte àti Heng Kim Song, tí wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí oníròyìn bá kọ irọ́, ṣé a ó fòfin de ìròyìn kíkọ ni? Ìbẹ̀rù ni Times fi hùwà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ìbẹ̀rù lọ́dọ̀ wọn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó àti kọ̀ǹpútà. Ní oṣù keje 2023, ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn McClatchy ní Amẹ́ríkà dá àwọn ayàwòrán Jack Ohman, Joel Pett àti Kevin Siers dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ti gba ẹ̀bùn Pulitzer. Ta ló gbọ́ pé ìyẹn sọ ìwé ìròyìn di olówó? Ní ti ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ ká wo ayàwòrán Ann Telnaes. Ó ya Jeff Bezos, ẹni tó ni Washington Post gan-an, pẹ̀lú àwọn olówó mìíràn, lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ère Trump, àpò owó lọ́wọ́. Ìwé náà kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́ jáde. Telnaes kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2025, gbogbo ayé sì rí àwòrán náà àti ohun tí wọ́n fẹ́ bò mọ́lẹ̀. Òun ló gba ẹ̀bùn Pulitzer lọ́dún yẹn. Kọ̀ǹpútà lè ya imú, ó lè ya agbádá, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ní kó yà ló máa yà, èyí tí wọ́n bá ní kó má yà, kò ní yà á. Ìdí tí àwọn ọ̀gá kan fi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nìyẹn. Owó oṣù ayàwòrán kọ́ ló ń dùn wọ́n jù, bí kò ṣe pé ó ní ẹnu tó lè sọ pé rárá.

Àwọn baba wa mọ ohun tí ọ̀gá yìí kò mọ̀. Ní Kétu, ní Ìlarọ́, ní Ìmẹ̀kọ, òru Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣí ìwà ìbàjẹ́ aṣebi síta kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lójú ọ̀sán, olówó àti olóyè kò sì yọ sílẹ̀. Ọba kì í pa ọ̀kọrin, wọ́n ní. Wọn kò sọ pé kí ìlú lé ọ̀kọrin nítorí pé epo wọ́n. Nítorí náà, mo tún un sọ: ìwé ìròyìn tó lé ayàwòrán rẹ̀, ahọ́n ara rẹ̀ ló gé. Olóòtú tó bá fẹ́ kí ìwé òun máa sọ òótọ́, kó gba ayàwòrán síṣẹ́, kó san owó oṣù rẹ̀ déédéé, kó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, kó sì dúró tì í lọ́jọ́ tí alágbára bá pè lórí fóònù. Èyí tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó yéé pe ohun tó ń tà ní ìwé ìròyìn.