Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, láti ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́ wa dé etí Ọjà Tìmì, kò síbi tí ẹ ò ti ní rí oní-POS ní Ẹdẹ, OPay sì wà lára ohun tí wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló rántí pé OPay ti fi ìgbà kan ṣe iṣẹ́ ọ̀kadà?

Ọdún 2018 ni OPay bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 2019, ó gbé ORide jáde, ọ̀kadà tí èèyàn ń fi fóònù pè, pẹ̀lú ẹ̀dínwó tó pọ̀. Àfi bí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe fòfin de ọ̀kadà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì, 2020. Àrùn Kòrónà tún dé lé e. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún náà, OPay kéde pé òun dá ORide àti OCar dúró. Owó fífiránṣẹ́ àti owó gbígbà ló kọjú sí. Ní 2021, àwọn olùdókòwò fún un ní mílíọ̀nù 400 dọ́là, wọ́n sì díye lé e ní bílíọ̀nù 2 dọ́là.

Àwọn kan á ní owó ló gbà á là. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2019 nìkan, mílíọ̀nù 170 dọ́là ló wọlé fún un, síbẹ̀ ìyẹn ò ní kí òfin Èkó má dé. Lójú tèmi, ohun tó gbà á là ni pé ó mọ ohun tí yóò kù lọ́wọ́ oníbàárà bí ọ̀kadà bá lọ: àpò owó tó wà lórí fóònù. Nígbà tí náírà wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, àpò yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ra gààrí.

Ṣùgbọ́n ká má pàtẹ́wọ́ títí ká gbàgbé àwọn tó ń gun ọ̀kadà náà. Ilé-iṣẹ́ rí ọ̀nà mìíràn gbà. Àwọn ni oúnjẹ òòjọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe áàpù fún iṣẹ́ àṣekágbá yín, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì kí ẹ tó kọ kóòdù. Bí wọ́n bá ti ọ̀nà yìí pa lọ́la, kí ni oníbàárà yóò ṣì máa wá lọ́dọ̀ yín? Ta sì ni ìyà rẹ̀ yóò jẹ?